Yitang Zhang àti àlàfo àárín àwọn nọ́ńbà práìmù: ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an

Tísà Ìṣirò, Iléṣà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn ọmọ kíláàsì àgbà tí mo ń kọ́ ní Iléṣà níbí ti ń fi ìtàn kan ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù, pé ọkùnrin ará Ṣáínà kan ń ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran ní Amẹ́ríkà, pé ó ṣàdédé jí lọ́jọ́ kan, ó sì yanjú ìṣòro ìṣirò tó ti ń da aráyé láàmú láti ayébáyé. Yitang Zhang ni ọkùnrin tí wọ́n ń wí. Òótọ́ wà nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ó ti sọ iṣẹ́ ọpọlọ ọlọ́jọ́ pípẹ́ di oríire lásán, ọmọ tó bá sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ìwé kò pọn dandan, kí òun ṣáà máa retí ọjọ́ tí orí òun yóò ṣí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ayé rẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ jù mí lọ sì fi tiyín kún un.

Ìlú Shanghai ni wọ́n ti bí Zhang ní 1955, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló sì gbé ní kékeré. Kò ju bí ọmọ ọdún 10 lọ nígbà tó kọ́kọ́ ka nípa àbá Fermat àti àbá Goldbach, ìbéèrè méjì tí ọmọdé lè lóye, ṣùgbọ́n tí àgbà kò rí ìdáhùn sí nígbà náà. Bí Ìyípadà Àṣà ti Mao, olórí Ṣáínà nígbà náà, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1966 ni ètò ẹ̀kọ́ dàrú. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ aráàlú lọ sí ìgbèríko láti lọ dáko, Zhang àti ìyá rẹ̀ sì wà lára wọn. Kò rí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Iṣẹ́ agbára ló fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe, títí wọ́n fi dá ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì padà, tó sì wọ Yunifásítì Peking ní 1978 lẹ́ni ọdún 23. Ìwé tó ń dá kà fúnra rẹ̀ ló gbé e wọlé.

Ohun tó kàn ni àwọn ọmọ máa ń fò kọjá. Lẹ́yìn tí Zhang gba oyè àkọ́kọ́ ní 1982, ọ̀dọ̀ Pan Chengbiao ló dúró sí fún oyè kejì, tó gbà ní 1984. Àgbà ni Pan Chengbiao nínú ìmọ̀ nọ́ńbà. Ọ̀nà asẹ́, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sẹ́ àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń wá kúrò lára àwọn tí wọn kò fẹ́, sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ Ṣáínà ìgbà náà mọ̀ dunjú. Chen Jingrun, tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, ti fi ọ̀nà yìí ṣe iṣẹ́ ńlá ní 1973. Irú ilé ẹ̀kọ́ tí Zhang ti jáde wá nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní atabúrẹ́dì yìí ti ní irinṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Amẹ́ríkà.

Ní 1985 ó dé Yunifásítì Purdue, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1991, ṣùgbọ́n lórí àbá Jacobian, tó jẹ́ ti ẹ̀ka áljẹ́brà. Kò rí iṣẹ́ yunifásítì lẹ́yìn náà. Ó bá wọn ṣe ìṣirò owó, ó bá ilé oúnjẹ kan ní New York gbé oúnjẹ kiri, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura kan ní Kentucky, ó sì ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ Subway, tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran. Ní 1999 ni Yunifásítì New Hampshire gbà á sí ipò olùkọ́ lásán, tí kò sí lójú ọ̀nà àtidi ọ̀jọ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ló wà di ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, 2013, tó fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí àlàfo àárín àwọn práìmù ránṣẹ́ sí Annals of Mathematics, tó wà lára àwọn jọ́nà ìṣirò tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ láyé. Ẹni ọdún 58 ni nígbà náà.

Kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Ifẹ̀, ẹ̀ka ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tísà wa. Mo gba ohun tí ẹ sọ nípa ẹ̀kọ́ tó kọ́ ní Peking, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí á fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn ọdún tí kò fi níṣẹ́. Ní 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì di oṣù kẹwàá, Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, mo sì ń rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tí àwọn kan nínú wọn kò sì padà sí kíláàsì mọ́. Ìgbà yẹn ni mo ka nípa Zhang. Ohun tó wọ̀ mí lára jù lọ ni pé, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ ní Kentucky, ó ṣì máa ń lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì láti lọ ka àwọn jọ́nà tuntun, lórí ìṣòro tí kò sí ẹnikẹ́ni tó gbé fún un pé kó yanjú.

Ẹ tún wo èyí. Ní 2001, ó tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Duke Mathematical Journal, lórí fọ́ńṣọ̀n zeta ti Riemann, tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn práìmù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a kò rí nǹkan kan tẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ títí di 2013. Níbi tí wọ́n ti ń ka iye iṣẹ́ tí olùkọ́ tẹ̀ jáde kí wọ́n tó gbé e ga, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti di ẹni àpatì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì torí rẹ̀ yí padà sí ìṣòro kéékèèké tí ì bá tètè fún un ní orúkọ. Ẹ̀yin tísà, bí ẹ bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, tí ẹ sì yọ ìforítì yìí kúrò kí wọ́n má baà gbà pé ìrètí lásán ló mú un débẹ̀, ẹ ti gba ohun kan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n nílò púpọ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n bí sí ibi tí iná kì í dúró, tí owó ìwé sì ń wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Iléṣà

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọjà Atákúmọ̀sà ni mo ti ń ta aṣọ, ọmọ mi ọkùnrin ló ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, òun ló ní kí n máa bá yín ka àwọn nǹkan wọ̀nyí. Mo gbọ́ ìtàn ayé ọkùnrin náà yé, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó sọ fún èmi tí n kò kàwé púpọ̀ ohun tí ó rí gan-an. Kí ni nọ́ńbà práìmù? Kí ni wọ́n ń pè ní ìbejì nínú nọ́ńbà? Àti pé ọmọ mi sọ pé 70,000,000 ni ìdáhùn tó mú wá, pé inú gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé sì dùn. Kí ló wà nínú 70,000,000 tó yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ yọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi, kí n lè bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó yàn láàyò.

Tísà Ìṣirò, Iléṣà

Ọmọ Ifẹ̀, n kò ní yọ ìforítì kúrò. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí ó ku ìforítì nìkan. A óò padà síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Nọ́ńbà práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. A lè pín 12 sí ọ̀nà 3 tàbí ọ̀nà 4 kó má ṣẹ́ nǹkan kan kù, ṣùgbọ́n 13 kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ní kíláàsì ni pé màá kọ 1 dé 100 sójú pátákó ní ìlà mẹ́wàá. Màá pa 1 rẹ́. Màá fa ìlà yí 2 ká, ọmọ kan yóò sì jáde wá fagi lé gbogbo èyí tí 2 lè pín lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mìíràn yóò ṣe ti 3, ẹlòmíràn ti 5, ẹlòmíràn ti 7. Tí wọ́n bá ti ṣe ti 7 tán, iṣẹ́ ti parí, nítorí 11 lọ́nà 11 ti kọjá 100. Nọ́ńbà 25 ló máa ń kù láìfagilé. Eratosthenes, ará Gíríìsì ìgbàanì, ni wọ́n ka ọ̀nà yìí sí lọ́rùn, òun sì ni ìyá gbogbo ọ̀nà asẹ́ tí mo mẹ́nu bà lókè.

Ẹ wá wo àwọn tó kù. 11 àti 13 wà níbẹ̀, 17 àti 19, 29 àti 31, 41 àti 43, 59 àti 61, 71 àti 73. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló la àwọn méjèèjì láàárín. Bí a bá fi 3 àti 5 kún un, pẹ̀lú 5 àti 7, irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ 8 ló wà lábẹ́ 100. Àwọn ni práìmù ìbejì. Inú mi máa ń dùn nígbà tí ọmọ kan bá ṣàkíyèsí pé, yàtọ̀ sí 3 àti 5, ohun tí 6 lè pín ló máa ń jókòó sáàárín wọn: 6, 12, 18, 30, 42, 60, 72. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá fi 6 pín nọ́ńbà èyíkéyìí, ohun tó máa ṣẹ́kù kò lè kọjá 0, 1, 2, 3, 4 tàbí 5. Èyí tó ṣẹ́ 0, 2 tàbí 4 kù, 2 lè pín in. Èyí tó ṣẹ́ 3 kù, 3 lè pín in. Nítorí náà, gbogbo práìmù tó ju 3 lọ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 tàbí 5 kù, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì ohun tí 6 lè pín.

Euclid ti fi ẹ̀rí hàn láti ìgbà láéláé pé àwọn práìmù kò lópin. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ sókè ni wọ́n ń jìnnà síra wọn. Nítòsí 1,000,000, àlàfo àárín práìmù kan sí èkejì jẹ́ bí 14 ní ìpíndọ́gba. Nítòsí nọ́ńbà tí wọ́n fi 1 àti òdo 100 kọ, ó ti di bí 230, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa fẹ̀ sí i láìdúró. Ìbéèrè náà wá ni pé, nígbà tí wọ́n ń jìnnà síra báyìí, ǹjẹ́ ibì kan wà lókè tí a óò dé, tí àwọn méjì kò ní sún mọ́ra mọ́ láé? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí irú ibẹ̀, pé práìmù ìbejì kò ní tán. Gbígbà gbọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Kí Zhang tó dé, kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé àlàfo kan wà, bó ti wù kó tóbi tó, tí àwọn práìmù méjì-méjì tí kò jìnnà síra jù ú lọ kò ní tán láé. Zhang ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé ó wà, ó ní kò kọjá 70,000,000. Ìyá wa, bí a bá ń ka nọ́ńbà lọ títí láìdáwọ́dúró, 70,000,000 kò jẹ́ nǹkan kan. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé kì í fẹ̀ sí i mọ́.

Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú làákàyè o, ẹ̀yin tísà. Ìyá Ìbejì lè máa rò ó pé kí ni práìmù wúlò fún. Nígbà tí ẹ bá ń fi fóònù wọlé sí àkáǹtì yín ní báńkì, àwọn práìmù ńláńlá wà lára ohun tí wọ́n fi ń di ọ̀rọ̀ náà kí olè má lè kà á. Kì í ṣe iṣẹ́ Zhang ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà kan náà ni.

Mo fi kọ̀ǹpútà mi ka àwọn tó wà lábẹ́ 1,000,000: práìmù 78,498 ni, ìbejì 8,169 sì wà nínú wọn. Ìtàn kan tún wà tí inú mi dùn sí. Ní 1994, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Virginia, Thomas Nicely, ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àròpọ̀ kan lórí àwọn práìmù ìbejì, irú àròpọ̀ tí Viggo Brun fi hàn ní 1919 pé ó ní òpin. Ìdáhùn rẹ̀ kò bára mu. Ó wá ìdí rẹ̀ títí, ó fi mọ̀ pé àṣìṣe wà nínú Pentium, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Intel ṣe, kì í pín àwọn nọ́ńbà kan dáadáa. Wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Práìmù ìbejì ló tú àṣírí náà.

Gbogbo kíkà tí a ń kà yìí, mo rí i pé títí láé ni ìbejì ń yọjú. Inú mi dùn pé Zhang ti wá yanjú ọ̀rọ̀ wọn.

Bàbá Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti àárọ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì ń gbádùn mọ́ mi. Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀ ọ́, kí á má sọ pé Zhang yanjú ọ̀rọ̀ práìmù ìbejì. Àlàfo ìbejì ni 2. Ohun tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ni 70,000,000. Kò sí ẹni tó ti yanjú ti 2 títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kíka nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà kò sì lè yanjú rẹ̀, nítorí ibi yòówù kí a kà dé, òpin rẹ̀ kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le, torí ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn Tísà àti Ọmọ Ifẹ̀ wà. Ní 2005, Goldston, Pintz àti Yıldırım gbé ọ̀nà asẹ́ tuntun kan jáde, wọ́n sì fi hàn pé bí wọ́n bá lè mọ ohun kan péré sí i nípa bí àwọn práìmù ṣe tàn ká, ẹ̀rí náà yóò pé. Ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn práìmù: yàtọ̀ sí 2 àti 5, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, 3, 7 tàbí 9, iye tó sì ń bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyókù tí a rí nígbà tí a fi 10 pín wọn nìyẹn. A lè béèrè ohun kan náà fún 11, fún 12, àti fún nọ́ńbà ńlá. Ní 1965, Bombieri àti Vinogradov fi hàn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé ní ìpíndọ́gba, ìdọ́gba yìí dúró títí dé ààlà kan: bí a bá ń ka práìmù dé 1,000,000, ààlà náà wà ní tòsí 1,000, nítorí 1,000 lọ́nà 1,000 ni 1,000,000. Ohun tí àwọn mẹ́ta yẹn nílò kò ju kí á kọjá ààlà náà, ì báà ṣe díẹ̀. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà gbìyànjú rẹ̀, wọn kò rí i ṣe.

Zhang kọjá rẹ̀. Kò gbìyànjú láti mú gbogbo nọ́ńbà tí a lè fi pín. Àwọn tó jẹ́ pé práìmù kéékèèké nìkan ló para pọ̀ di wọ́n ló mú, nítorí pé irú wọn ṣeé tú sí wẹ́wẹ́ bí a bá ṣe fẹ́. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wọn ààlà náà, ìdajì ló wà tẹ́lẹ̀, bí òdo mẹ́ta inú 1,000 ṣe jẹ́ ìdajì òdo mẹ́fà inú 1,000,000. Ó gbé e dé ìdajì àti 1/584. Díẹ̀ náà nìyẹn, ó sì tó. Ẹ óò béèrè pé níbo ni 70,000,000 ti wá. Ó nílò kí á to ipò 3,500,000 lọ́nà tí kò fi ní sí práìmù kan tí yóò máa pín ọ̀kan nínú wọn ní gbogbo ìgbà, kí á sì máa sún gbogbo wọn síwájú pọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ìgbà tí kò lópin ni ó kéré tán méjì nínú àwọn ipò náà yóò bọ́ sórí práìmù. Gbogbo ipò yẹn sì wọ inú àlàfo tí kò tó 70,000,000. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti dín in kù.

Ọ̀rọ̀ jíjí lójijì tí àwọn ọmọ ń sọ, ibi tó ti wá nìyí. Ní oṣù keje 2012, Zhang lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Colorado. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé bóyá yóò rí àgbọ̀nrín, kò rí àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là sí i. Ẹni tó bá ti ń ru iṣẹ́ àwọn mẹ́ta yẹn lórí fún ọdún bíi mélòó kan, tó sì mọ ibi tó há sí, ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí. Èmi ìbá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé náà fún oṣù mẹ́fà, àgbọ̀nrín nìkan ni ǹ bá rí.

Ìyá Ìbejì, Iléṣà

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti wá ń yé mi. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Òṣómàáló ni bàbá mi àgbà. Ó ń gbé aṣọ àwìn kiri àwọn ìlú tó jìnnà sí Iléṣà, tí ọjọ́ owó bá sì pé, yóò lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ ìforítì Ìjẹ̀ṣà nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ ni pé bàbá náà mọ ẹni tó jẹ ẹ́, ó mọ iye rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí onítọ̀hún ta kòkó rẹ̀ tí owó sì wọlé. Kò jẹ́ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ọkùnrin yìí mọ ẹnu ọ̀nà tí gbèsè wà kó tó lóṣòó. Ohun tí Tísà ń sọ nìyẹn, ohun tí Ọmọ Ifẹ̀ náà ń sọ nìyẹn.

Ọmọ Ifẹ̀, ẹ̀ka ìṣirò

Mo gbà, ẹ̀yin ìyá wa. Mo gbà tọkàntọkàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì fún àwa tí a wà ní ìhín. Nígbà tí iṣẹ́ Zhang dé Annals, orúkọ rẹ̀ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ máa ń gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé àwọn ti yanjú ìṣòro ńlá, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í jẹ́ òótọ́. Wọn kò torí ìyẹn jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé e fún àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù, Henryk Iwaniec wà lára wọn, wọ́n sì rí i láìpẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún ni wọ́n gbà á, kò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ohun tó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ó kọ ọ́ kedere, ó fi irinṣẹ́ tí àwọn àgbà náà mọ̀ kọ ọ́, kò sì sí ibi tó ti fò kọjá ohun tó yẹ kó fi ẹ̀rí hàn. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ òun láti Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, ó yẹ kó fojú sí ibẹ̀ ju ohun mìíràn lọ. A ń ráhùn pé wọn kì í ka tiwa. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Zhang kọ yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ìkọ̀wé tó mọ́ kedere lè wọlé láìsí orúkọ ńlá lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, nǹkan yí padà fún un. Yunifásítì New Hampshire sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n; ó gba ẹ̀bùn Ostrowski ní 2013, ẹ̀bùn Cole, ẹ̀bùn Rolf Schock àti ti MacArthur ní 2014; ní 2015, ó kó lọ sí Yunifásítì California ní Santa Barbara. Kò sinmi. Ní 2022, ó gbé iṣẹ́ olójú-ewé tó lé ní 100 jáde lórí ìṣòro Landau àti Siegel, ìṣòro ńlá mìíràn nínú ìmọ̀ nọ́ńbà, èyí tó ti gbìyànjú ní 2007. Àwọn onímọ̀ kò tíì fọwọ́ sí i pé ẹ̀rí náà pé.

Tísà Ìṣirò, Iléṣà

Bí wọ́n ṣe dín 70,000,000 náà kù yẹ kó wà nínú ìtàn yìí, torí ọwọ́ púpọ̀ ló ṣe é. Ní oṣù kẹfà 2013, Terence Tao pe àwọn onímọ̀ jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní gbangba, lábẹ́ orúkọ Polymath, wọ́n sì fi nǹkan bí oṣù méjì gbé e wá sí 4,680. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, James Maynard, tí kò tíì pẹ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, fi ọ̀nà asẹ́ mìíràn tí kò nílò kíkọjá ààlà Bombieri àti Vinogradov rárá mú un dé 600. Nígbà tó fi di 2014, Maynard àti àwọn Polymath ti jọ gbé e dé 246. Níbẹ̀ ló dúró sí. Ẹ̀bùn Fields bọ́ sọ́wọ́ Maynard ní 2022, ẹ̀bùn tí wọn kì í fún ẹni tó bá ti kọjá ẹni ọdún 40; ìdí tí Zhang kò fi lè gbà á láé nìyẹn.

Ọmọ Ifẹ̀, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ìwọ náà wá sí Iléṣà ní ọjọ́ Ẹtì kan, kí o wá bá àwọn ọmọ mi sọ ìtàn yìí. Wọn yóò gbọ́ tìrẹ ju tèmi lọ.

Oníṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Ilé-Ifẹ̀

Bàbá Lágere, mo dúpẹ́ fún àtúnṣe yẹn. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Bí 70,000,000 bá lè di 246 láàárín ọdún kan péré, kí ló dé tó fi dúró? Ṣé kọ̀ǹpútà tó lágbára ju èyí lọ kò lè gbé e dé 2 ni?

Bàbá Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára kọ̀ǹpútà, ọmọ mi. Bí a tilẹ̀ gbà pé àbá Elliott àti Halberstam jẹ́ òótọ́ ní ọ̀nà tó gbòòrò jù, ìyẹn àbá tó gbé ààlà tí mo sọ lókè jìnnà ju ibi tí Zhang dé lọ fíìfíì, 6 ni ọ̀nà asẹ́ yìí lè gbé wa dé, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dí ọ̀nà ni èyí tí Atle Selberg ṣàlàyé. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni a lè tú sí práìmù: 12 jẹ́ 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3, práìmù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, 15 jẹ́ 3 lọ́nà 5, méjì ló wà nínú rẹ̀, 13 jẹ́ ẹyọ kan. Asẹ́ lásán kò mọ ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà tí iye práìmù inú rẹ̀ jẹ́ kan, mẹ́ta, márùn-ún, àti èyí tí iye rẹ̀ jẹ́ méjì, mẹ́rin, mẹ́fà. Lójú asẹ́, 13 àti 15 lè jọ ara wọn. Ẹ padà wo iṣẹ́ Chen Jingrun ti 1973 tí Tísà mẹ́nu bà: ó fi hàn pé àwọn práìmù kan wà, tí kò lópin, tó jẹ́ pé bí a bá fi 2 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohun tí a óò rí yóò jẹ́ práìmù tàbí nọ́ńbà tí práìmù méjì pàdé dá. Ọ̀rọ̀ “tàbí” yẹn ni Chen kò lè mú kúrò, ibẹ̀ gan-an sì ni asẹ́ fọ́jú sí. Ẹni tí yóò mú àlàfo náà dé 2 gbọ́dọ̀ wá irinṣẹ́ mìíràn tó lè ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára méjì, kó sì so ó pọ̀ mọ́ ohun tí Zhang àti Maynard ti ṣe.